Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ LASUBEB: ẹ jẹ́ kí ọmọ kíláàsì kìíní mọ inú mẹ́wàá kí ó tó ka ọgọ́rùn-ún

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Àjọ LASUBEB, àjọ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba,
Maryland, Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda sáà kìíní ọdún ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kí wọ́n fi kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tú nọ́ńbà kéékèèké sí wẹ́wẹ́, láti orí méjì dé orí mẹ́wàá, kí a sì tún un kó jọ padà, títí ọmọ yóò fi lè dáhùn láìka ìka. Kí ẹnikẹ́ni má tíì wọ́ wọn lọ sídìí àròpọ̀ tí a ń to nọ́ńbà lé orí ara wọn. Kí a má sì fi kíka nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún ṣe òṣùwọ̀n pé ọmọ mọ ìṣirò.

Lẹ́sìn ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọdé ní Ebute Metta lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Ibi tí wọ́n ti ń wá kò dọ́gba. Ọmọ ilé ìwé ìjọba wà nínú wọn, ọmọ ilé ìwé aládàáni náà wà. Àwọn kan ń ti Yaba wá, àwọn kan ń ti Oyingbo wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó ìwé ìṣirò wọn jọ sórí tábìlì kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ti ilé ìwé olówó gọbọi wá yàtọ̀ sí ti ọ̀fẹ́. Etí ìwé gbogbo wọn ló kún fún igi.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i. Tíṣà kọ "8 + 7". Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje fa igi mẹ́jọ sétí ìwé, ó fa igi méje tẹ̀ lé e. Ó wá padà sídìí igi àkọ́kọ́, ó ń fi ṣóńṣó pẹ́ńsù tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Tó bá fo igi kan, 14 ni yóò kọ. Tó bá tẹ igi kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ 16. Inú rẹ̀ á sì dùn sí 16 náà bí ẹni pé òótọ́ ni, torí kò sí ohun kan lọ́kàn rẹ̀ tó lè dá a lẹ́kun pé mẹ́jọ lọ́nà méjì ló ń jẹ́ mẹ́rìndínlógún, àti pé èyí kò pé tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tíṣà yí i padà, ó kọ "7 + 8". Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi tuntun, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Ó lè ka nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún láìmí. Ìyá rẹ̀ máa ń ní kó kà á fún àlejò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní orúkọ nọ́ńbà, àti ẹni tó tẹ̀ lé ẹni. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ọ pé méje ní nǹkan nínú, pé márùn-ún àti méjì wà níbẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́rin wà níbẹ̀, mẹ́fà àti ọ̀kan wà níbẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ méje kan náà. Ọmọ tí kò mọ̀ ju kíkà lọ dà bí ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo láti Oyingbo dé Yaba: ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà yẹn, ó di dandan kó jókòó sójú kan.

Ìgbà kan wà tí Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní ilẹ̀ Switzerland, gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú àwọn ọmọdé. Ó ní wọ́n ó fún ọmọ ní súìtì mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni ọmọ máa jẹ láàárọ̀, yóò sì jẹ méje yòókù nírọ̀lẹ́. Ṣé ohun tó máa jẹ lọ́jọ́ méjèèjì dọ́gba? Àwọn tó kéré nínú wọn ní rárá. Ojú wọn wà lára méje tó pọ̀, tàbí lára ẹyọ kan tó kéré. Wọn ò lè di odidi àti ìpín rẹ̀ mú lọ́kàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi àkàrà dán an wò nínú ilé yín lọ́la, pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ gbé mẹ́rin sínú abọ́ kan àti mẹ́rin sínú òmíràn, kí ẹ tún gbé ẹyọ kan síbì kan àti méje sí ibòmíràn, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó máa sọ. Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Ohun tí a kò tíì kọ́ ọ ni.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ? Kò gba owó. Ohun tó gbà ni ọwọ́, ojú àti àsìkò. Kò sí bí ọmọdé ṣe lè mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, nítorí náà nǹkan tó ṣeé gbá mú la fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé. Ìdérí ìgò mínírà dára. Ọmọ ayò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ní etí tó lè gé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀pà náà dára, àmọ́ wọ́n á jẹ ẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó parí.

Mo ń fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ bá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kì í ka ìka, ọwọ́ kan ló ń nà sókè. Márùn-ún ti wà lára rẹ̀ ní odidi. Tí ó bá ká ìka méjì, mélòó ló kù lórí ìdúró? Kí ó wò ó, kí ó má kà á. Ojú èèyàn lè mọ ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, títí dé bíi mẹ́rin láìkà á rárá. Ọmọ jòjòló pàápàá ní díẹ̀ nínú ẹ̀bùn yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ayò dáadáa kì í fi ọwọ́ kan ihò kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá, ojú lásán ló fi ń mọ èyí tó ku méjì tàbí mẹ́ta tó tó jẹ. A ò kọ́ ojú àwọn ọmọ wa ní irú iṣẹ́ yẹn ní kíláàsì. Ìka àti igi nìkan la kọ́.

Lẹ́yìn ọwọ́, eré ìbòmọ́lẹ̀ ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ọmọ méjì dojú kọ ara wọn, ọmọ ayò mẹ́fà àti ife oníke kan wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì jọ gbà pé mẹ́fà ni. Ọ̀kan dijú. Èkejì fi ife bo díẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìyókù síta. "Lajú. Mélòó ló wà lábẹ́ ife?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ máa ka èyí tó wà níta, á wá fi ìka kún un dé mẹ́fà. Nígbà tó bá yá, ẹ óò rí i tó wo méjì tó wà níta fírí, tó ní "mẹ́rin!" kí èkejì tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ife. Ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ lásán lẹ́yìn tó bá dáhùn. Ẹ ní kó ṣí ife, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé òótọ́ ni. Kò nílò tíṣà tó máa kọ "gúùdù" síwájú ìdáhùn rẹ̀, ọmọ ayò fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré yẹn. Ọmọ rò pé òun ń ṣeré, ṣùgbọ́n àyọkúrò ló ń ṣe. Mẹ́fà, yọ méjì kúrò, ó ku mẹ́rin; yọ mẹ́rin kúrò, ó ku méjì. Àròpọ̀ náà wà níbẹ̀, méjì àti mẹ́rin, mẹ́rin àti méjì. Nǹkan mẹ́rin ló mọ̀ nínú ẹyọ kan. Ìwé wa pín àròpọ̀ àti àyọkúrò sí àkòrí méjì, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì máa ń wà láàárín wọn. Ọmọ á wá máa rò pé ìjà ni wọ́n jọ ń jà, nígbà tó jẹ́ pé ojú méjèèjì ohun kan ṣoṣo ni wọ́n.

Bí ẹ bá ń rò ó pé iṣẹ́ yìí á pọ̀ jù fún sáà kan, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Méjì ní ọ̀nà kan tí a lè gbà pín in sí méjì. Mẹ́ta ní ọ̀kan, mẹ́rin ní méjì, márùn-ún ní méjì, mẹ́fà ní mẹ́ta, méje ní mẹ́ta, mẹ́jọ ní mẹ́rin, mẹ́sàn-án ní mẹ́rin, mẹ́wàá ní márùn-ún. Ẹ rò wọ́n pọ̀: mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n péré. Ìpín mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni gbogbo inú nọ́ńbà láti méjì dé mẹ́wàá. Sáà kan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìpín méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, nínú eré, lójoojúmọ́, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ọmọ tó bá ní mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n yìí lọ́wọ́ kò tún ní fa igi mọ́ títí ayé rẹ̀.

Márùn-ún ti mẹ́wàá ló ṣe pàtàkì jù lọ: mẹ́sàn-án àti ọ̀kan, mẹ́jọ àti méjì, méje àti mẹ́ta, mẹ́fà àti mẹ́rin, márùn-ún àti márùn-ún. Fún àwọn yìí, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ẹyin. Kíréètì ẹyin tí wọ́n fi páálí ṣe ní ihò ọgbọ̀n, márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn. Ẹ mú síṣọ́ọ̀sì, kí ẹ gé e ní ìlà méjì méjì. Ẹ óò rí ègé mẹ́ta, ihò mẹ́wàá sì wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irin-iṣẹ́ ìkọ́ni lókè òkun ń ṣe irú ègé oníhò mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Tiwa wà ní gbogbo ojúlé tí wọ́n ti ń se indomie, a sì ń dà á nù.

Ẹ fi ìdérí ìgò méje sínú ègé kan. Ìlà òkè kún, méjì wà nísàlẹ̀, ihò mẹ́ta ṣófo. Ọmọ rí méje gẹ́gẹ́ bí márùn-ún àti méjì, ó sì tún rí i gẹ́gẹ́ bí mẹ́wàá tí ó ku mẹ́ta kó kún. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àlàyé kankan. Mo ti rí ọmọ tó tẹjú mọ́ ihò òfìfo mẹ́ta yẹn fún ìgbà pípẹ́, tó wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àǹtí, ó ku mẹ́ta kó yó." Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń wá.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Ẹ gbé ègé kíréètì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fi mẹ́jọ sínú ọ̀kan, kí ẹ fi méje sínú èkejì. Èyí ni "8 + 7" tí ọmọ fa igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí. Ẹ má ka ìdérí ìgò rárá. Ihò òfìfo ni kí ẹ wò. Méjì ṣófo níbí, mẹ́ta ṣófo lọ́hùn-ún. Òfìfo márùn-ún ló wà nínú ihò ogún. Mélòó ni gbogbo ìdérí ìgò náà? Márùn-ún dín lógún. Márùndínlógún! Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ti pe ìdáhùn kó tó mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀.

Mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ: òfìfo kan, òfìfo méjì, mẹ́tàdínlógún. Mẹ́sàn-án lọ́nà méjì: òfìfo méjì, méjìdínlógún. Mẹ́sàn-án àti méje ń kọ́? Òfìfo mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Mẹ́jọ àti mẹ́jọ náà, òfìfo mẹ́rin ni. Mẹ́sàn-án àti mẹ́fà, òfìfo márùn-ún. Àròpọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ kan tó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí tó jù ú lọ kò ju mẹ́fà yìí lọ, àwọn ni igi wọn sì ń pọ̀ jù létí ìwé. Kò sí èyí tó le nínú wọn fún ọmọ tó mọ ohun tó kù kí mẹ́wàá kún.

Èyí tí kò dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà náà sì bá èdè wa mu. Mẹ́jọ àti mẹ́fà: mẹ́jọ ń wá méjì kó kún. Ọmọ bu méjì nínú mẹ́fà, ó kó o sínú ihò òfìfo méjì, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Mẹ́wàá àti mẹ́rin, mẹ́rìnlá. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní ilẹ̀ Japan nìyẹn títí dòní. Wọ́n máa ń ya èso ṣẹ́rì méjì tó so mọ́ ara wọn sábẹ́ mẹ́fà, wọ́n á kọ méjì sínú ọ̀kan àti mẹ́rin sínú èkejì, ọmọ á wá kó méjì bá mẹ́jọ. Ní Belgium, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Georges Cuisenaire gé igi aláràbarà láti orí ẹyọ kan dé mẹ́wàá, gígùn kálukú gẹ́gẹ́ bí iye rẹ̀, kí ọmọ lè to mẹ́ta àti mẹ́rin sábẹ́ méje kó rí i pé wọ́n ṣe déédé. Láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni igi rẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ń mú ìṣirò ní ọ̀kúnkúndùn kì í sáré kọjá mẹ́wàá.

Àwa gan-an kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ọjà Èkó, àwọn tó ń ka owó kì í kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fọwọ́ wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá di ogún wọ́n á kó o jọ. Ogójì ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ pe márùndínláàádọ́ta gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ó jẹ́ ogún mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá, kí a tún yọ márùn-ún. Àwọn èèyàn tó ń sọ irú èdè báyìí lójoojúmọ́ kò yẹ kó máa rí ọmọ wọn tó ń fa igi.

Títí dòní, ẹ wo inú ọkọ̀ dánfó. Kọ̀ńdọ́ kò ní ṣénjì. Ó jẹ ọ̀kan nínú èrò ní igba náírà, ó jẹ èkejì ní ọ̀ọ́dúnrún. Ó na ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan sáàárín wọn: "Ẹ̀yin méjì, ẹ jọ gbà á." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn wá ṣénjì. Méjì àti mẹ́ta nínú márùn-ún nìyẹn, ìpín tí mo sọ pé a fi ọwọ́ kan kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún, òdo méjì ló lé lórí rẹ̀. Ọmọ tó mọ inú márùn-ún ti mọ inú àádọ́ta àti ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọ tó ń tajà ní ìgboro Recife, ní Brazil. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí ìbéèrè 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n kọ ìṣirò irú rẹ̀ sórí ìwé fún àwọn ọmọ yẹn kan náà, láìsí àgbọn, láìsí owó, 37 péré ni wọ́n gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kan tí wọ́n bi ní owó àgbọn mẹ́wàá, tí ọ̀kan jẹ́ 35, kò fi òdo kan sẹ́yìn 35 bí tíṣà ṣe máa fẹ́. Ó mọ iye mẹ́ta, ó fi mẹ́ta kún un, ó tún fi mẹ́ta kún un, ó wá fi ẹyọ kan parí rẹ̀: 350. Ó tú mẹ́wàá sí mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta àti ọ̀kan, ó sì gbà á. Mi ò sọ pé kí a rán ọmọ lọ kiri ọjà o. Ilé ìwé ló yẹ ọmọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbọ́n tó wà nídìí ọjà Oyingbo kò yẹ kó dúró síta géètì ilé ìwé.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ fún yín. Wọn yóò ní kíláàsì kún, tíṣà kan kò lè máa bo ife fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni kíláàsì kún. Ìdí tí eré yìí fi dára nìyẹn: ọmọ ló ń bi ọmọ, méjì méjì, tíṣà á kàn máa rìn láàárín wọn tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Ó máa pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé pé ariwo yẹn kì í ṣe àìgbọràn.

Wọn yóò tún ní àwọn òbí fẹ́ rí iṣẹ́ nínú ìwé. Èyí ló ń dùn mí jù. Ilé ìwé aládàáni kan wà tí mo mọ̀, tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti ń ro nọ́ńbà onílà mẹ́ta pọ̀ nínú ìwé, tí òbí sì ń fi fótò rẹ̀ sórí WhatsApp. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn pé tí mo bá ní bisikíìtì mẹ́jọ tí mo jẹ mẹ́ta, mélòó ló kù. Ó bi mí léèrè pé ṣé kí òun rò ó pọ̀ ni àbí kí òun yọ ọ́. Ilé ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀ lé irú wọn. Ẹ̀yin lẹ lágbára láti fi ọ̀nà mìíràn hàn, kí àwọn ló wá máa wò yín kọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣeé fò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní ilé ìwé Èkó. Mo fẹ́ kí òfin yẹn dé inú ìṣirò, ó kéré tán títí dé ogún. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìgbò wà ní Ebute Metta, ọmọ Ẹ̀gùn wà ní Mákòókò, ọmọ Haúsá wà káàkiri, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gan-an kò mọ ju "fífútíìn" lọ. Kò burú. Ihò òfìfo kò ní èdè. Ọmọ tó bá rí òfìfo márùn-ún nínú ogún lè pè é ní èdè tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí a má fi ohun tí èdè Yorùbá ti ṣe sílẹ̀ du ọmọ tó gbọ́ ọ.

Nínú EKOEXCEL, ètò ìkọ́ni yín fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ẹ ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, ìtọ́sọ́nà ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lè gba ibẹ̀ wọlé láìsí ìwé tuntun kankan: eré ìbòmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò, láti ọ̀sẹ̀ kìíní sáà kìíní. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, ẹ má fi àwòrán lásán hàn wọ́n. Ẹ fi kíréètì àti síṣọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n jókòó méjì méjì, kí wọ́n bo ọmọ ayò mọ́lẹ̀ fún ara wọn. Tíṣà tí kò bá tíì ṣe eré yẹn fúnra rẹ̀ máa fi àlàyé pa á lẹ́nu àwọn ọmọ.

Ó tún ku àwọn alábẹ̀wò yín. Bí wọ́n bá wọ kíláàsì kìíní ní òpin sáà, kí wọ́n má ka iye ojú ìwé tí ọmọ ti kọ. Kí wọ́n kó ọmọ ayò mẹ́jọ dání, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rí wọn, kí wọ́n bo díẹ̀, kí wọ́n sì bi í pé mélòó ló wà lábẹ́ ọwọ́. Ìdáhùn ọmọ, àti bí ó ṣe yá tó, ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún yín.

Ilé ìwé tí ẹ bá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Mainland, mo ṣe tán láti wá jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, láìgba kọ́bọ̀. Kíréètì tí mo ti gé sílẹ̀ tó kíláàsì kan lò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ lẹ́sìn kan ní Ebute Metta.